Kútẹ́ẹ̀sì Lọ́wọ́ Ọmọ Kékeré

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, Iléyá dé, ọmọ ọdún 6 ní òun náà fẹ́ kun kútẹ́ẹ̀sì bíi ti ìyá òun. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? A kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ tí kò tí ì bàlágà lọ́rùn. Àwa tí a ń kùn ún fún un ńkọ́? Ọmọ ọdún 7 ni Ànábì wa (SAW) ní kí á ti máa pa á láṣẹ ìrun. Kútẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan èékánná. Àwọ̀ lásán ni làálì ń fi sílẹ̀. Ohun tí a bá fi mọ́ ọn lára lónìí, ìjà ni a ó fi gbà á lọ́la.

Ẹ má sì sọ pé tìróò tiwa kò léwu. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan; tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ló fà á.

Ọmọ tí a bá kọ́ pé ojú tí Ọlọ́hun fún un kò tó, nígbà wo ni yóò tó o? Ẹ wẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ lé làálì sí i lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ó rẹwà. Ìwà lẹwà. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ wọn. Àmín.