Ẹni Tí A Yọ Nínú Ọtí, Ṣé Ó Lè Yọ Ẹlòmíràn Láìkọ́ṣẹ́?



Àwọn àgbà wa ní, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ará yòókù má bàa jìn sí i ni ọgbọ́n yẹn wà fún. Bí òun náà bá ti wà nínú kòtò ńkọ́? Ṣé gbogbo ẹni tó ti jáde ló mọ bí a ti í fa ènìyàn jáde?

Ní agbègbè wa yìí, láti Atakpamé dé Anié, sódábì kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Tramadol náà ti dé. Oògùn ìrora ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lò ó kí iṣẹ́ má bàa rẹ̀ wọ́n, títí yóò fi di ọ̀gá wọn. Ìjọ wa kọ ọtí, ó kọ tábà. Nítorí náà, ẹni tí ọtí bá mú nínú wa, ìkọ̀kọ̀ ló ti ń mu ún, a sì fi sùtánà bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Bí Ọlọ́run bá yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kíá la máa ń ní kó lọ ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Ó dára. Àmọ́ ìtara nìkan kò tó o.

Ẹ wo Bill Wilson ará Amẹ́ríkà. Oṣù December 1934 ló mu ọtí kẹ́yìn, ní New York. Láti ìgbà náà ló ti ń sáré kiri, ó ń wàásù fún àwọn ọ̀mùtí. Fún oṣù mélòó kan, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó jáwọ́ nínú wọn. Dókítà Silkworth tó tọ́jú rẹ̀ ló là á lóye: kó dín ìwàásù kù, kó kọ́kọ́ sọ bí àìsàn náà ti ń ṣe ara àti ọkàn. Ní May 1935 ó dé ìlú Akron, òwò tó bá lọ bàjẹ́, ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí ọtí. Ó wá ọ̀mùtí mìíràn tó lè bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì mú un mọ oníṣẹ́ abẹ kan, Dókítà Bob Smith. Lọ́tẹ̀ yìí kò wàásù, ìtàn ara rẹ̀ ló sọ. Bob ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 oṣù June 1935 ni ìmu rẹ̀ ìkẹyìn. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous kà sí ọjọ́ ìbí wọn.

Ìtara Bill kò pọ̀ sí i, ẹ̀kọ́ ló kún un. Àpólò náà ní ìtara, síbẹ̀ Àkúílà àti Prìsílà pè é sápá kan, wọ́n kọ́ ọ sí i.

Kí wá ni ká kọ́ wọn? Èkíní, etí gbígbọ́: kí wọ́n gbọ́ tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Èkejì, àṣírí: ohun tí arákùnrin bá fọ̀ jáde lóru kò gbọdọ̀ di ẹ̀rí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rí ara ẹni ni kí oníkálukú jẹ́. Ẹ̀kẹta, ibi tí agbára wa mọ. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, tó bá dá a dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èyí ní ìran, ẹ má sì fi ààwẹ̀ kún un. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ máa gbàdúrà tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹrin, ìṣọ́ra: ẹni tó ń fa ẹlòmíràn lè bá a wọlé padà. Kó má dá lọ sí ilé ọtí, kó sì ní àgbà kan tí yóò máa jíṣẹ́ fún.

Àwọn kan á ní, Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ni, apẹja ṣáà ni Olúwa pè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó mú wọn bá ara rẹ̀ rìn, ó kọ́ wọn, kó tó rán wọn. Ẹni tí yóò tan àbẹ́là níwájú pẹpẹ, a ń kọ́ ọ. Àbí ẹ̀mí ènìyàn kò ju àbẹ́là lọ ni?

Bí a bá rán aláìkọ́ṣẹ́, ẹni méjì la fi sínú ewu: ẹni tí a rán, àti ẹni tí a rán an sí. Bí wọ́n bá ṣègbé, àwa tí a rán an yóò ní ìpín nínú rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní àánú tó ní ìmọ̀ nínú. Àmín.