Ẹni Tó Kúrò Nínú Ìjà: Ṣé Ọ̀dàlẹ̀ Ni?

Àbọrú àbọyè o, ẹ̀yin ọmọ Awo, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń bá wa ka Ifá. Àbọṣíṣẹ.

Láti ọdún 2020 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé ìbéèrè kan wá bá mi, pàápàá àwọn tó jáde sígboro nígbà EndSARS. Wọn kì í bèèrè rẹ̀ tààrà. Wọ́n á ní iṣẹ́ làwọn fẹ́ dá Ifá sí, tàbí ìrìn àjò. Tá a bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, á wá jáde: "Bàbá, tọkàntara ni mo fi wà nínú ìjà yẹn. Nígbà tó yá, mi ò rí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Mo kúrò. Àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ ń pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ àwa Yorùbá. Ilẹ̀ là ń mu. Bí ènìyàn méjì bá jọ mulẹ̀, tí ọ̀kan sì dà á, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa bi í. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ká máa jù ú mọ́ ẹnikẹ́ni lórí Twitter bí ẹni ń sọ òkò sí igi máńgòrò. Kó tó di pé a pe ènìyàn ní ọ̀dàlẹ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bá mulẹ̀. Ṣé àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ náà tìtorí rẹ̀ péjọ?

Ìwòrì Méjì ní ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ. Alárá wà níbẹ̀, Ajerò wà níbẹ̀, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Bàbá ń ṣọdún, ó ní kí gbogbo wọn wá. Bí wọ́n ṣe ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, kíkí tí mo fi kí yín lẹ́ẹ̀kan yẹn ni wọ́n ń kí i. Ó kan Ọlọ́wọ̀. Ọlọ́wọ̀ dúró ṣánṣán, kò sọ nǹkan kan. Bàbá bi í pé kí ló dé. Ó ní ohun tí Bàbá wọ̀ lòun náà wọ̀, ohun tí Bàbá mú dání lòun náà mú dání, adé sì wà lórí àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí aládé á fi wólẹ̀ fún aládé? Inú bí Ọ̀rúnmìlà. Ó fi ayé sílẹ̀, ó gba ọ̀run lọ.

Ayé bá dàrú. Aboyún ò bí, àgàn ò lóyún, òjò ò rọ̀ tó, iṣu ò ta. Àwọn ọmọ sáré lọ bá a nídìí ọ̀pẹ tó ya orí mẹ́rìndínlógún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Ó ní òun ò padà. Àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ bi òun, ikin ni kí wọ́n máa bi. Ohun tá a ṣì ń lò títí dòní nìyẹn.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí, Ọlọ́wọ̀ la sábà máa ń gbájú mọ́, ọmọ tí ò ní ọ̀wọ̀. Ibòmíì lọkàn tèmi máa ń dúró sí. Mo máa ń ro ti àwọn aboyún yẹn. Kí ni wọ́n fi ṣe Ọ̀rúnmìlà? Wọn ò dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ò ta, kò bá a du adé. Síbẹ̀ àwọn ni ìyà jẹ. Ifá ò fi èyí pamọ́ fún wa. Ẹni tó bá ń bínú kúrò nínú ìjà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ lè má jẹ̀yà rẹ̀ rárá, kó jẹ́ pé aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

Ohun kejì tí mo máa ń rò ni ikin. Ọ̀rúnmìlà ò padà, kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹnikẹ́ni jẹ pé òun máa padà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ayé fi ń dúró, kò kó o lọ. Ó yọ ara rẹ̀ kúrò, ó sì fi ohun tí wọ́n nílò sílẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ yẹn ni ìdáhùn wà.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Bí mo bá ń ronú lórí Odù yìí, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Robert Moses lorúkọ rẹ̀, Bob Moses ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Harlem, ní New York, ó sì di olùkọ́ ìṣirò. Ní 1961, ó lọ sí Mississippi láti ran àwọn ènìyàn dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. SNCC ni ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1960.

Ẹ má rò pé eré ni o. Ní Mississippi ìgbà yẹn, ènìyàn dúdú tó bá ní òun fẹ́ dìbò, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè sun ilé rẹ̀, wọ́n sì lè pa á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, wọ́n lu Moses títí orí rẹ̀ fi bẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yìnbọn pa Herbert Lee, àgbẹ̀ tó ń bá wọn ṣe é. Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ló yìnbọn ọ̀hún, wọn ò sì fìyà jẹ ẹ́. Louis Allen tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, wọ́n pa òun náà ní oṣù kìíní ọdún 1964.

Lọ́dún 1964 yẹn kan náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ọ̀dọ́, tí aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú wọn, wá láti ìta wá bá wọn ṣiṣẹ́. Moses wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Iṣẹ́ ò tíì wọra nígbà tí wọ́n pa mẹ́ta: James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ará Mississippi, tí Fannie Lou Hamer wà láàárín wọn, lọ sí àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní Atlantic City. Wọ́n ní àwọn ló yẹ kó jókòó fún ìpínlẹ̀ àwọn, torí aláwọ̀ funfun nìkan ni ìpínlẹ̀ rán wá. Àga méjì péré ni wọ́n ní kí wọ́n gbà. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Ohun tó dun Moses ni pé àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ wà lára àwọn tó ní kí wọ́n gba àga méjì náà. Nǹkan míì tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó gbà gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá Mississippi ló yẹ kó máa darí ìjà tiwọn. Àmọ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀ ti tóbi jù. Àwọn ènìyàn ń wò ó bíi Mósè inú Bíbélì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Moses mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Parris, orúkọ rẹ̀ kejì. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó fi kúrò.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rúnmìlà lọ torí pé ẹnì kan kọ̀ láti wólẹ̀. Moses ní tirẹ̀ lọ torí pé àwọn tó ń wólẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kí ló wá fi ara rẹ̀ ṣe? Ìjọba fẹ́ mú un wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam, ó bá gba Kánádà lọ. Ní 1969, ó lọ sí Tanzania, ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà ní 1976. Ní 1982, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn owó MacArthur, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pè ní Algebra Project, láti kọ́ ọmọ àwọn tálákà ní ìṣirò. Èrò rẹ̀ ni pé ní ayé kọ̀ǹpútà, ọmọ tí wọn ò kọ́ ní ìṣirò dà bí àwọn bàbá rẹ̀ tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n dìbò: ẹnu rẹ̀ ò ní tólẹ̀ láwùjọ. Ó tún padà sí Mississippi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Jackson. Ó kú ní oṣù keje ọdún 2021. Ẹgbẹ́ ló fi sílẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìṣirò ni ikin tirẹ̀.

Nínú SNCC kan náà, John Lewis ni alága. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta ọdún 1965, ọlọ́pàá fọ́ ọ lórí ní ìlú Selma níbi tó ti ń wọ́de. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1966, wọ́n dìbò yọ ọ́ nípò, wọ́n fi Stokely Carmichael rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ń yà kúrò lójú ọ̀nà tí Lewis gbà gbọ́, ọ̀nà tí kì í fi ipá dá ipá lóhùn. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti lọ. Láti 1970, òun ló ń darí Voter Education Project, tó ń ṣètò ìforúkọsílẹ̀ fún ìbò. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fọ́ ọ lórí ló ṣì ń ṣe.

Ká padà sílé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀gá ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Ìwọ́de ò dúró. Ní ọjọ́ 20, àwọn sójà yìnbọn ní Lekki. Ní ọjọ́ 22, Feminist Coalition, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kó owó jọ fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti agbẹjọ́rò àwọn tó ń wọ́de, ní àwọn ò gba owó mọ́, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ dúró sílé. Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 147 náírà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Mi ò sọ pé ọkàn wọn ló kúrò nínú ìjà náà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó kọ́kọ́ ṣírò ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣirò yẹn, ikin ni.

Nítorí náà, ìwọ tó ò ń bi mí, ohun tí mo máa bi ìwọ náà rèé. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ló bàjẹ́ lójú rẹ, àbí ó rẹ̀ ọ́ ni? Ẹni tó rẹ̀, ìsinmi ló ń fẹ́. Má fi àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì dá ẹjọ́ ọdún márùn-ún. Ṣé o ti sọ ohun tó ń dùn ọ́ lójú wọn? Ọ̀rúnmìlà bi Ọlọ́wọ̀ léèrè, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó tó dìde. Ẹni tó bá yọ́ lọ lóru láìsọ nǹkan kan, kò fún àwọn yòókù láyè láti tún ara wọn ṣe.

Lẹ́yìn náà, kí lo mú dání? Bí ó bá jẹ́ owó, ṣírò rẹ̀. Bí ìwọ nìkan lo mọ ẹni tó wà látìmọ́lé àti agbẹjọ́rò tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Awakọ̀ ojú omi kì í fò kúrò nínú ọkọ̀ láàárín agbami. Ó máa ń wá ẹni tó máa gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Àṣírí tí wọ́n sì fi pamọ́ sí ọ nínú, jẹ́ kó bá ọ darúgbó.

Ẹni tí mo ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó kó orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń lépa wọn, ẹni tó ná owó àwọn tó fara gbọta, ẹni tó ta àṣírí kí wọ́n lè fún òun lága. Ilẹ̀ mọ irú wọn. Mo sì máa fi ìkan kún un, bó tilẹ̀ lè bí àwọn kan nínú. Ẹni tó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe ti di èké, tó wá dúró torí ìtìjú, tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ jáde lọ síwájú ìbọn lórí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò gbà gbọ́ mọ́, òun náà ti ń da ilẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kúrò lójú kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù nínú ìjà náà, nígbà tí ayé dàrú, àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà ò dúró sílé kí wọ́n máa bú bàbá wọn. Wọ́n tọ̀ ọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ò bá wọn padà, ṣùgbọ́n torí pé wọ́n lọ ni wọ́n fi rí ikin gbà. Bí ẹnì kan bá kúrò láàárín yín, ẹ lọ bá a, ẹ bi í pé kí ló rí. Ó lè jẹ́ pé ohun tó rí ló máa tún ìjà yín ṣe.

Àwọn tí ẹgbẹ́ ti já kulẹ̀, kí Ifá má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú nínú wọn. Ẹni tó ń lọ, kó fi ikin sílẹ̀. Ẹni tó kù, kó mọ̀ ọ́n lò.

Àṣẹ o. Ẹ kú ojúmọ́ ire.