Ìlérí Lórí Ṣóńṣó Òkè

Bí ènìyàn bá ṣe ìlérí fún ẹlòmíràn nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́, ǹjẹ́ ó di dandan kí ó mú un ṣẹ níbi tí ojú ẹni tí ó ṣe é fún kò tó? Ní ọdún 1955, ìbéèrè yìí dojú kọ ọkùnrin méjì lórí òkè kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 8,586.

Kangchenjunga ni orúkọ òkè náà. Ó wà lára àwọn òkè Himalaya, ní ààlà Nepal àti Sikkim, ilẹ̀ ọba tí ó di apá kan orílẹ̀-èdè Íńdíà ní 1975. Òun ni ó ṣe ìkẹta nínú àwọn òkè tí ó ga jù lọ láyé, lẹ́yìn Everest àti K2. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìṣúra márùn-ún ti yìnyín ńlá, nítorí ṣóńṣó márùn-ún tí ó ní. Lójú àwọn ará Sikkim, kì í ṣe òkúta lásán; ibùgbé òrìṣà tí ó ń dáàbò bo ilẹ̀ wọn ni, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwa tí a mọ ọdún Òkèbàdàn kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ẹ̀rín.

Òkè náà kò rọrùn láti gùn. Ní 1905, yìnyín ya lulẹ̀ lé ẹgbẹ́ Aleister Crowley àti Jules Jacot-Guillarmod lórí, ó sì pa Alexis Pache pẹ̀lú aláàárù mẹ́ta. Àwọn ará Jámánì tí Paul Bauer ṣáájú gbìyànjú ní 1929 àti 1931, wọn kò dé ṣóńṣó rẹ̀. Nígbà tí Charles Evans kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, kò tẹ́ àwọn ará Sikkim lọ́rùn pé kí àjèjì fi bàtà tẹ orí òrìṣà wọn. Evans ṣèlérí pé àwọn kò ní tẹ ṣóńṣó náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni apá Nepal ni wọ́n gbà gùn ún, níbi tí àṣẹ ọba Sikkim kò dé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, George Band àti Joe Brown dé òkè. Ó ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, wọ́n sì dúró. Ní ọjọ́ kejì, Norman Hardie àti Tony Streather ṣe bákan náà.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ẹni tí ó ti gun èjìká òrìṣà, kí ni ó tún kù tí kò ṣe? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ó tẹ́ olùsìn lọ́rùn jù bí wọn kò bá wá rárá. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ibi ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù yẹn ni ìlérí wọn wà. Ibẹ̀ náà sì ni ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ jù wà. Bí ohun tí a fi sílẹ̀ kò bá dùn wá, a kò tíì mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni wá.

Kò pọn dandan kí Band àti Brown gba òrìṣà náà gbọ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n gbà ni pé ènìyàn bí tiwọn ni àwọn tí ń sìn ín. Èèwọ̀ ẹni ni à ń bẹ̀rù. Èèwọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀wọ̀ ni à ń bù fún un.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìjọba Sikkim fi òfin de gígun òkè náà láti apá tiwọn. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́nà ni òfin fi ń múlẹ̀. Kò sí aṣọ́nà lórí ṣóńṣó náà ní 1955. Ìwà ọmọlúàbí nìkan ni ó dá ẹsẹ̀ wọn dúró.