Ta Ni Ó Jẹ Òkú Ní Gbèsè?

  

Ṣàṣà ni jànásà tí a lọ tí a kò ti gbọ́ ìkéde yìí: bí olóògbé bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí olówó yọjú sí àwọn ọmọ. Ìkéde náà dára, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ànábì, ó bèèrè bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní dínárì mẹ́ta ni. Ànábì kò kírun sí i lára títí Abu Qatadah fi sọ pé òun gba gbèsè náà sọ́rùn ara òun. Ọ̀rọ̀ gbèsè le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kì í bi àwùjọ létí sàréè: àwa tí a dúró yìí, ta ni nínú wa tí ó jẹ òkú ní gbèsè?

Ìyá kan ni ó mú kí á rò ó kàn. Gbàgádà níhìn-ín ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì láti ọdún 1996 títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn lọ́dún tó kọjá. A kò ní dárúkọ wọn, àwọn ọmọ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí yunifásítì rí mọ irú wọn. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó wà lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà ni ó mọ ibi tí fáìlì wà, òun ni ó mọ ọmọ tí èsì ìdánwò rẹ̀ sọnù, òun náà ni yóò sọ fún ọ bóyá inú ọ̀gá dùn lónìí tàbí kí o padà wá lọ́la. Màmá yìí a máa bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó taipú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ti lọ sílé. Wọn a bu oúnjẹ inú abọ́ wọn fún ọmọ tí ebi ń pa. Wọn a sì yáni lówó. Gbogbo ẹ̀ka ni ó ń pè wọ́n ní Màmá, títí kan àwọn tó jù wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ jànásà, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Àwọn tó ti di ọ̀gá ní báńkì wá, àwọn tó wà lókè òkun ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: ìyá wa ni. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni àkọ́bí wọn obìnrin mú ìwé pélébé kan wá bá wa ní ilé kéwú. Ó ní inú àpótí aṣọ Màmá ni òun ti bá a. Orúkọ ni ó wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́, àti iye owó. N200, owó ọkọ̀. N1,500, owó ìforúkọsílẹ̀. N5,000, owó ilé ìwòsàn. Orúkọ ẹni tó bá ti san, wọ́n fa ìlà sí i. Ọ̀pọ̀ orúkọ ni kò ní ìlà. Nínú Súrátul Bákárà, ní ẹsẹ 282, èyí tó gùn jù nínú Àlùkùrání, ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Màmá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti ń kọ̀wé.

Ọmọ náà bi wá pé, "Àáfà, ṣé sàárà ni èyí, àbí gbèsè?"

Àwọn àgbà kan tó wà lọ́dọ̀ wa ní sàárà ni, pé kí ó ya ìwé náà dànù, nítorí ìyá kì í sin ọmọ ní gbèsè. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí. Ọmọ náà ní: "Àwa náà lọ́mọ. Wọ́n lé àbúrò mi wálé nígbà kan nítorí owó ilé ìwé, Màmá ní kí á ṣe sùúrù títí oṣù yóò fi parí. Mo wo oṣù yẹn nínú ìwé. N5,000 tí wọ́n yá ẹnì kan wà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lè fèsì.

Lójú tiwa, gbèsè ni. Oúnjẹ tí Màmá bù fúnni, wọn kò kọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n taipú lófẹ̀ẹ́, wọn kò kọ ọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fi tọrẹ àti ohun tí wọ́n yáni, ta ni àwa láti tún ìwé wọn kọ? Ẹni tó pe obìnrin ní ìyá lójú sàréè, tí owó rẹ̀ sì wà lápò onítọ̀hún, ìyìn rẹ̀ kò fa ìlà kankan sí orúkọ rẹ̀.

Owó yìí ti di ogún. Súrátun Nisáì, ẹsẹ 11 àti 12, ti pín in: ìdá mẹ́rin kan fún ọkọ, nítorí olóògbé bímọ, ìdá mẹ́fà kan fún ìyá tó bí wọn, tó ṣì wà láàyè, ìyókù fún àwọn ọmọ, ìpín obìnrin méjì fún ọkùnrin kan. (Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìfẹ̀yìntì tó bá wà nípamọ́. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì pé kí wọ́n kàn sí kì í ṣe ẹni tó jogún gbogbo rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fetí sí èyí.) Ajogún tó ti dàgbà lè dárí ìpín tirẹ̀ ji ẹni tó jẹ gbèsè. Ọlọ́hun tilẹ̀ sọ fún wa pé bí ara bá ń ni onígbèsè, kí á lọ́ ọ lára, bí a bá sì fi ṣe sàárà, ó dára jù fún wa. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn Màmá kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè bá a dárí ìpín tirẹ̀ jini, bàbá rẹ̀ kò lè ṣe é, àwa àáfà kò sì lè ṣe é.

Ẹnì kan lè wí pé N200 ọdún 1998 kò ra búrẹ́dì kan lónìí, kí ni àǹfààní rẹ̀? Àwọn onímọ̀ fíkíhì tó pé jọ ní Kuwait lọ́dún 1988 sọ pé iye tí a yá ni a ó san, bí owó tilẹ̀ ti já wálẹ̀. Èyí ni ohun tí a lè fi dandan gbà lọ́wọ́ onígbèsè. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí àdéhùn tẹ́lẹ̀, Ànábì wa ti ṣe é rí: ó yá ràkúnmí kékeré, ó sì fi èyí tó dára jù ú san án.

Ti àwọn ohun tí a kò kọ sínú ìwé ńkọ́? Obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín lóru, wọn kò sọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ànábì ni ó bèèrè rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó lọ síbẹ̀, ó sì kírun sí i lára. Nígbà tí Khadijah sì ti lọ, Ànábì a máa pa àgùntàn, a sì fi ẹran rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, títí inú Aisha fi ń ru. Kì í ṣe pé ó kàn ń sọ pé obìnrin rere ni. Ìyá Màmá yìí ṣì wà láàyè, arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni. A kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan nínú àwọn tó jẹun nínú abọ́ ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ lọ síbẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ti dàgbà ti pinnu: wọ́n dárí ìpín tiwọn ji gbogbo ẹni tí ara ń ni. Ọkọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. A ti bá wọn ṣírò ìpín àbíkẹ́yìn sínú ìwé mìíràn. Ìwé Màmá ṣì wà nílé wọn ní Gbàgádà níbí, pẹ̀lú bírò tí wọ́n so mọ́ ọn.