“Yóò Kọjá”: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sọ Ọ́?

Bí ìnira bá dé, ọ̀rọ̀ kan kò jìnnà sí wa lẹ́nu: “Yóò kọjá.” Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kékeré yìí wò, kí a mọ ibi tí ó ti ń tuni lára àti ibi tí ó ti ń pani lára.

Pé òtítọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Àwọn àgbà ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ wo àgbàlagbà tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1950. Abẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni a bí i sí. Ní 1967 ó di ọmọ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1976 ó di ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò kó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Pọ́n-ùn àti ṣílè ni ó ná dàgbà. Ní 1973 owó di náírà. Yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè pàápàá, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 1982. Ní 2001 ó di Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Bí nǹkan ńlá báwọ̀nyí bá ń yí padà, ẹ̀rù tí ń bà mí ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la kò lè wà títí.

Ìmọ̀ yìí kì í gbé ẹrù kúrò lórí ẹni. Ó ń dín in kù ni. Ohun tí ń wọ ènìyàn lọ́rùn jù ni èrò pé bí nǹkan ti rí lónìí ni yóò rí títí láé. Bí a bá yọ èrò náà kúrò, ẹrù òní nìkan ni ó kù, ó sì ṣeé gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ ni ó gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi àkókò náà kọ́ṣẹ́ àti èyí tí ó fi sùn, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wí pé yóò kọjá. Ó kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ náà bá a lọ.

Ẹ tún wo Ìwópin, létí ọ̀sà, ní Ògùn Waterside. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ilé-iṣẹ́ ìwé ńlá kalẹ̀ níbẹ̀. Kò ṣe iṣẹ́ tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tí ó kún nígbà òjò yóò fà fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ tí ènìyàn pa tì kì í parí ara rẹ̀. Bí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá wá ń sọ fún ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ pé “yóò kọjá,” kì í ṣe sùúrù ni ó ń kọ́ ọ. Ẹnu ni ó ń dí i.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ara ẹni ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, kí ọkàn lè balẹ̀, kí ọwọ́ lè ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹrù náà.