Ìdọ̀tí Tèmi, Afẹ́fẹ́ Ta Ni? Lórí Òfin àti Àtúnlò Nínú Ilé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo kó ọ̀rá tó kún ẹ̀yìnkùlé mi jọ, mo sì dáná sun ún. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà tí ilé wa jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn fi dé ẹnu ọ̀nà mi. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé: «Olùkọ́, ìdọ̀tí náà tìrẹ ni; ṣé afẹ́fẹ́ náà tìrẹ ni?» N kò rí èsì fọ̀. Ikọ́ ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ jà nínú ilé.

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ó tọ́ kí a fi agbára mú olúkúlùkù láti ya ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sọ́tọ̀, kí èyí tó wúlò lè padà di lílò? Àbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn ni, tí kò kan ọlọ́pàá?

Ẹ má jẹ́ kí a ka àtúnlò sí àṣà àjèjì. Ní Kétu, ta ní í ju ìgò nù? Ìgò tó ti ṣófo ni wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, òróró àti bẹntiróòlù létí títì. Agolo tòmátì di òṣùwọ̀n lọ́jà. Ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ a máa jẹrà lórí ààtàn, ẹ̀fọ́ a sì hù níbẹ̀. Òfin kankan kò pa èyí láṣẹ. Ohun tó bá níye lórí, bí ọwọ́ kan bá jù ú sílẹ̀, ọwọ́ mìíràn á gbé e. Ọ̀rá ni ó dé tí àṣà wa kò mọ ibi tí yóò fi í sí: kò jẹrà, kò tà, ẹran ọ̀sìn tó bá sì gbé e mì lè ti ibẹ̀ kú.

Òfin 2017-39, ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ti ka ṣíṣe ọ̀rá tí kì í jẹrà, kíkó o wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, títà á àti lílò ó léèwọ̀. Síbẹ̀, ẹ rìn yí ọjà wa ká, ẹ ó rí i nílẹ̀. Àwọn kan ní kí a le sí i, bí Rùwáńdà ti ṣe láti ọdún 2008. Àwọn mìíràn rántí Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń sé ènìyàn mọ́lé láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kí wọ́n lè gbálẹ̀. Èkó pa àṣẹ náà tì ní ọdún 2016. Àṣà tí ìbẹ̀rù bá fi kọ́ni, ọjọ́ tí ìbẹ̀rù bá lọ ni a ó mọ̀ bóyá ó wọni lára.

Lójú tèmi, ohun tó bá ti fò kọjá ògiri mi, ìbáà ṣe èéfín, ìbáà ṣe ọ̀rá tó dí ojú àgbàrá, kì í ṣe tèmi nìkan mọ́. Ó tọ́ kí òfin dá mi dúró níbẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n òfin tí kò pèsè ọ̀nà, ìnilára ni. Bí a bá bu owó ìtanràn lé ìyá elẹ́kọ tí kò rí kẹ̀kẹ́ akólẹ̀ rí ní àdúgbò rẹ̀, a ti fi ìyà ẹni tó ń fi ọ̀rá jèrè jẹ ẹni tó ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó o wọlé ni kí òfin ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti yíyà á sọ́tọ̀ nínú ilé, àwọn baba wa ní irinṣẹ́ tí kì í ṣe kùmọ̀. Ní òru ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òṣèré a máa fi orin bá arúfin wí lójú gbogbo ìlú, kì í sì í wo ojú olówó. Ẹnìkan lè sọ pé ìlú ti fẹ̀ jù, pé àlejò tí kò mọ̀ wá kò lè tijú wa. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni ìtìjú kò fi lè dá dúró láìsí òfin lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó dé kí ẹ̀kọ́ tó dé, ìbínú ni yóò bí.

Láti ọjọ́ tí mo wí yìí, n kò sun ọ̀rá mọ́. Kì í ṣe òfin ló dá mi dúró. Òfin ti wà kí n tó ṣáná. Inú àpò kan ni mo ń kó wọn sí báyìí. Àpò náà ti ń kún, n kò sì tíì rí ẹni tí yóò wá gbà á. Mo ti ṣe ìdajì tó kàn mí. Ìdajì tó kù, gbèsè ìlú ni.