Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àgbà Tí Fíìmù Gbé Lọ?

Nínú fíìmù àkọsílẹ̀, èyí tí í ṣe fíìmù tí ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ gidi àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó ṣojú wọn hàn, tí kì í ṣe eré tí òṣèré kọ́ sórí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó yà á àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí wọ́n yà jọ wà papọ̀ ni, ṣùgbọ́n òfin kì í fi ojú kan náà wò wọ́n. Bí ilé-ìkàwé fásitì bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn agbára tí òfin fún oníṣẹ́ láti pinnu ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ tàbí tí yóò fi í han aráyé. Ẹni tí wọ́n yà kì í sí nínú àdéhùn náà.

Ìwé àṣẹ yìí pàápàá kì í sábà wà títí. Àwo fíìmù tí ilé-ìkàwé rà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ilé tí a háyà, tí owó bá ti tán, ilẹ̀kùn á tì. Ní 2019, ilé-ìkàwé gbogboogbò ìlú New York jáwọ́ nínú ètò Kanopy, ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-ìkàwé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Australia ní 2008, nítorí pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń wo fíìmù sí i ni owó tí ilé-ìkàwé ń san ń pọ̀ sí i. Ẹrù tí New York kò lè gbé, àwọn fásitì Adó-Èkìtì àti Ọyẹ́-Èkìtì kò lè gbé e.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ìtàn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá tà. Àgbà Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì tí ó bá ń sọ nípa Fábùnmi, ọmọ ìlú náà tí ó jẹ́ akọni nínú ogun Kírìjì tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà láàárín 1877 sí 1893, ohun tí ó gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ń sọ, ó sì di í mú fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Olùtọ́jú ni, kì í ṣe olówò. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà yẹ fún owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó ṣe làálàá, ṣùgbọ́n ohun tí kò fi làálàá rẹ̀ dá wà nínú ohun tí ó ń yá fásitì. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 1988, èyí tí òfin ti 2022 ti rọ́pò, gbà pé ìtàn, orin àti ijó ìbílẹ̀ yẹ fún ààbò; ó sì fi agbára láti yọ̀ǹda lílò wọn fún òwò lé àjọ ìjọba lọ́wọ́, dípò ìlú tí ó ni wọ́n. Àṣìṣe ńlá ni èyí.

Ti ìyọ̀ǹda ẹni tí wọ́n yà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1963, Raymond Prince àti Frank Speed ya fíìmù kan tí wọ́n pè ní *Wèrè Ni*, nípa bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń tọ́jú alárùn ọpọlọ. Kò sí ẹni tí ó lè rò nígbà náà pé ojú aláìsàn lè wà níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa wò ó. Ìyọ̀ǹda tí a fún ohun tí a kò mọ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda pípé.

Nítorí náà, kí àwọn fásitì Èkìtì tí ó bá fẹ́ ra ìwé àṣẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ìlú tí wọ́n ti ya fíìmù yóò gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, títí láé, àti pé àwọn àgbà ìlú lè ní kí wọ́n yọ ibi tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ awo kúrò.